Kúsúkúsù Lórí Ajere

Láti ìgbà tí mo ti dé láti Kútọnu ni ẹ ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń ti odò bọ̀ á bi mí, ẹni tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ á bi mí: "Tíṣà, báwo ni ilẹ̀ Faransé ti rí? Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń jẹ ọ̀pọ̀lọ́?" Mo ti dáhùn títí ẹnu mi fi bó. Kí n má baà máa sọ ọ́ lọ́nà méje fún ènìyàn méje, mo ti jókòó láti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò rí ọ̀pọ̀lọ́ kankan nínú àwo ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tó le ju ọ̀pọ̀lọ́ lọ láti gbé mì.

Ẹ mọ ohun tó gbé mi lọ. Àbúrò mi, Ràfíù, bá oníṣòwò awọ kan lọ sí Àjàṣẹ́ nígbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì hù dáadáa. Ibẹ̀ ló ti wọṣẹ́ ṣọ́jà Faransé, wọ́n sì kó wọn lọ sí ilẹ̀ Mòrókò, lọ́hùn-ún lẹ́yìn aṣálẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà, Kútọnu ló jókòó sí, kò wálé. Ìyá wa ránṣẹ́ sí i, ó ní òun ń bọ̀. Wọ́n tún ránṣẹ́, ó tún ní òun ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan kọjá. Nígbà tí ẹsẹ̀ Màmá wá wú, tí wọn kò lè dìde kírun mọ́, wọ́n pè mí wọ yàrá.

"Sàrátù," wọ́n ní, "ojú mi ti ń ṣú. Lọ bá mi mú àbúrò rẹ wá kí n fọwọ́ kàn án. Bí o kò bá rí i mú, má wulẹ̀ yára padà."

Tíṣà ni mí. Ọmọ tí mo bá ní kó tún ìṣirò rẹ̀ ṣe, yóò tún un ṣe títí tí yóò fi gbà á, bí ebi tilẹ̀ ń pa àwa méjèèjì. Mo di ẹrù mi.

Ilẹ̀ tí kò ní òkè

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ibodè dá yín lágara. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé láti Àjàṣẹ́ títí dé Kútọnu, òkè kan ṣoṣo kò sí. Àwa ará Ìsẹ́yìn tí a dàgbà sí ìtòsí òkè Adó-Àwáyè, ojú wa ti mọ́ ibi tí yóò fara tì. Lọ́hùn-ún, òkun wà lápá òsì, ọ̀sà wà lápá ọ̀tún, iyanrìn àti igi àgbọn ló wà láàárín, ojú a sì máa lọ láìdúró. Ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

Ní Ekpè, ọkọ̀ wa dúró kí ẹ̀rọ rẹ̀ tutù. Obìnrin kan ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀nà. Ó rí mi tí mo ya ẹnu sílẹ̀ tí mo ń wo òkun, ó sì sọ nǹkan kan fún mi ní èdè Gùn. Kò yé mi. Mo rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ó bu ẹja tó fẹ́ fi panu sí méjì, ó na ìdá kan sí mi. Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́. Ó jọ pé wọ́n kọ́ òun náà nílé, nítorí òun náà kúnlẹ̀ láti dá mi lóhùn. Kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde nínú wa. Dẹ́rẹ́bà ní bí a bá ti kírun tán, kí a jọ̀wọ́ jẹ́ kí òun mọ̀.

Nígbà tí mo máa fi jẹ ẹja náà tán, ẹ̀rù òkun ti kúrò lára mi.

Akpakpa

Akpakpa ni Ràfíù ń gbé, kí ènìyàn tó sọdá afárá ọ̀sà wọ àárín Kútọnu. Ilé tí ó háyà sí jẹ́ ti opó kan tí wọ́n bí ní Ṣábẹ̀, mùsùlùmí bíi tiwa, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ṣábẹ̀. Nàgó ni wọ́n ń pe èdè wa níbẹ̀. Ó yé mi, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ènìyàn rí àbúrò ìyá rẹ̀ tí kò rí rí: o mọ ojú náà, o kò sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní Nàgó, wọ́n á sọ ẹ̀kẹrin ní Faransé, wọ́n á wá máa wò ọ́ bóyá o máa béèrè. N kì í béèrè. Ìgbéraga mi kò jẹ́.

Ràfíù ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Cadjèhoun, nítòsí pápá tí ọkọ̀ òfuurufú ń bà sí. Nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé tó rí mi lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn. Ó ti ga jù mí lọ. Àpá wà ní apá rẹ̀ méjèèjì láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Mo wo àwọn àpá náà, mo sì sọ nínú ara mi pé, àh, ogun!

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn. Màmá ńkọ́?"

"Àwọn ló rán mi wá mú ọ."

Ó dìde, ó gbọn iyanrìn ara rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan tí ẹ máa jẹ."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá ní "ilé", á ní "oúnjẹ". Ó ra búrẹ́dì wọn fún mi, èyí tó gùn bí apá ọmọdé, tó le lóde tó sì rọ̀ nínú. Ó ra àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ tiwọn, pẹ̀lú ẹja àti ata tí wọ́n lọ̀ láìsè. Mo jẹ gbogbo rẹ̀, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo dé dúró: ìgbà wo la ń lọ?

Ní ọjọ́ kẹrin ó sú u. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbà rárá. Ó dáa. Oúnjẹ Mòrókò ti mọ́ mi lára, ti ilé kò sì lè tẹ́ mi lọ́rùn mọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń jẹ kúsúkúsù níbẹ̀, pẹ̀lú adìẹ tí wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ oníyọ̀ sè. Ọjọ́ tí ẹ bá sè é fún mi, tí mo tọ́ ọ wò tó dà bíi tiwọn, ọjọ́ kejì ni mo bá yín relé."

Ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mú ìwé kan nínú rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀. Ìwé oúnjẹ Mòrókò ni, obìnrin Faransé kan ló kọ ọ́. Ràfíù ní ìyàwó ọ̀gá àwọn ló fi ta òun lọ́rẹ nígbà tí wọ́n ń kó lọ. Ó rò pé mo máa ṣí i, kí n rí i pé Faransé ni, kí n sì lọ di ẹrù mi.

"O ṣèlérí?" mo bi í.

Ó wo ìwé náà, ó wò mí. "Mo ṣèlérí."

Mo ní ó dáa.

Ẹni tó ń ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó dùn mí. Mo ṣí ìwé náà, mo sì mọ gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀. A wà níbẹ̀, B wà níbẹ̀, wọ́n jókòó létòlétò bíi ti ìwé kíláàsì mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan kò yé mi. Èmi tí mo máa ń ní kí ọmọ tí kò mọ̀wé kà dìde dúró! Mo ti ìwé náà, mo tún ṣí i, bí ẹni pé ó lè ti yí padà.

Ìyá Ṣábẹ̀ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ináàsíò, ìkejì ilé wọn. Àgùdà ni Bàbá, ìyẹn àwọn tí bàbá ńlá wọn ti ilẹ̀ Bràsíìlì padà wá. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì rélùwéè. Nínú oòrùn Kútọnu, wọ́n a máa wọ ẹ̀wù aláìlápá lórí ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n a dé fìlà aláwọ̀ eérú, wọn kì í sì í làágùn. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ìwé náà fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ibi tí kúsúkúsù wà.

Wọ́n wò mí lókè gíláàsì ojú wọn. "Tíṣà, a kì í ti àárín bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ṣé 'gb' ni ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ?"

Ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Odindi ọjọ́ méjì ni a lò lórí ọ̀rọ̀ ìṣáájú, níbi tí obìnrin náà ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀. Bàbá a kà á ní Faransé lóhùn rara bí ẹni ń ka Bíbélì nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n a tún un sọ ní Yorùbá, èmi a kọ ọ́ sínú ìwé mi. Bí ọ̀rọ̀ kan kò bá ní orúkọ lọ́dọ̀ wa, a máa jiyàn lórí rẹ̀. Irúgbìn kan wà tí wọ́n ń pè ní kúmínì. Bàbá ní èso ewéko kan ni. Mo ní èwo? Wọ́n ní, "Èyí tí a kò ní." Oníṣòwò ará Málì kan nítòsí ọjà ló wá fi hàn wá. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń jẹ ẹ́, kí ló ṣe wá tí a fi ń ranjú mọ́ ọn báyìí.

Àbàwọ́n epo pọ̀ nínú ìwé náà. Ẹnìkan sì ti fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí etí ojú ìwé púpọ̀: ọgọ́fà, igba, ọ̀tàlérúgba.

"Ta ló ń se ọbẹ̀ fún igba ènìyàn nínú ilé rẹ̀?" Bàbá béèrè.

Mo ní bóyá ìyàwó ọ̀gá náà fẹ́ràn àlejò. Mo ní kí wọ́n máa kà á lọ.

Ọbẹ̀ àti sùúrù

N kò fẹ́ fi kúsúkúsù bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣínu nínú ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pè é ní hàríírà: ẹ̀wà wẹ́wẹ́, tòmátì, àlùbọ́sà, ewé olóòórùn, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Mo ka àkọsílẹ̀ mi yíká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, n kò rí ata. Mo ní ó dájú pé obìnrin Faransé náà gbàgbé. Ọbẹ̀ tí kò ní ata, ti aláìsàn ni. Mo bá a tún un ṣe: mo lọ ata rodo mẹ́rin sí i.

Ràfíù mu ṣíbí kan, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mu èkejì, ẹ̀kẹta, ó mu ún tán, ó nu àwo.

"Ọbẹ̀ gidi nìyí," ó ní. "Ìsẹ́yìn ni. Kì í ṣe Mòrókò."

Lẹ́yìn ìyẹn mo se ẹran àgbò tí wọ́n fi oyin àti èso gbígbẹ sè. Mo tẹ̀ lé ìwé láìyẹsẹ̀, n kò fi ata sí i, ọkàn mi sì bàjẹ́ bí mo ti ń fi oyin sórí ẹran tó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá Ṣábẹ̀ tọ́ ọ wò, wọ́n dá a padà sínú àwo.

"Ọmọ mi, ṣé ikọ́ ń ṣe ẹran yìí ni?"

Ràfíù jẹ tirẹ̀. Mo rí i tó di ojú bó ti ń jẹ ẹ́. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé ìwé náà kì í purọ́, àti pé bí mo bá tẹ̀ lé e, màá borí ọkùnrin yìí.

Nígbà náà ni Bàbá Ináàsíò ka ti ọsàn wẹ́wẹ́ oníyọ̀. A ó la ọsàn sí mẹ́rin láìjẹ́ kí ìdí rẹ̀ já, a ó rọ iyọ̀ sínú rẹ̀, a ó kì í mọ́ inú orù, a ó bò ó. A kò gbọ̀dọ̀ ṣí i fún oṣù kan.

"Ẹ tún un kà, Bàbá."

Wọ́n tún un kà. Oṣù kan náà ni.

Ràfíù ń jí ẹ̀rín rín lẹ́nu ọ̀nà. "Ilé ìwé yín á ti wọlé, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ilé ìwé á dúró," mo ní. Mo kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ìwé wa lọ́jọ́ náà gan-an, mo ra ọsàn wẹ́wẹ́ ogún, mo sì fi iyọ̀ kì wọ́n bí ẹni ń di ẹrù lọ sí Mẹ́kà.

Oṣù náà ni mo fi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àlejò. Àwọn obìnrin Akpakpa sọ mí ní Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní Yorùbá ni mí, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo bá kí ẹnìkan láàárọ̀, kí n tó béèrè ilé, ọ̀nà, ọmọ, yóò ti bọ̀ mí lọ́wọ́ tán, yóò ti lọ. Mo kà á sí àrífín. Ó di ọjọ́ tí ibà gbé mi dè, tí àwọn tó ń bọ̀ mí lọ́wọ́ sáré yìí wá kún yàrá, èyí gbé àkàsà, èyí gbé ewé fún àgbo, tí ọ̀kan sì fọ aṣọ mi láìbéèrè. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ilé Bàbá Ináàsíò a máa se ẹ̀wà dúdú tí wọ́n kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí, bí àwọn bàbá ńlá wọn ti ń sè é ní Bràsíìlì. Nítorí tèmi, wọ́n ra ìkòkò tuntun tí ẹlẹ́dẹ̀ kò wọ̀ rí, wọ́n fi se tèmi lọ́tọ̀. N kò tíì rí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ fún mi nílé tèmi.

Síbẹ̀ àárò ilé sọ mí. N kò ní purọ́. Ọmọ lẹ́mọ́ọ̀mù sì bá Màmá kọ lẹ́tà sí mi lópin oṣù náà: wọn kò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń béèrè bóyá mo ti rí i mú.

Ajere

Lẹ́tà yẹn ló bà mí nínú jẹ́ tí mo fi kánjú. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ mi ti jinná nínú iyọ̀, ó ti rọ̀, òórùn rẹ̀ ń ta sánsán. Adìẹ wà lórí iná. Mo ti ra ìyẹ̀fun àlìkámà tó rí ṣákiṣàki ní ṣọ́ọ̀bù àwọn yovó, bí wọ́n ti ń pe òyìnbó níbẹ̀. Ibà ń ṣe Bàbá Ináàsíò lọ́sẹ̀ náà, wọn kò tíì ka ojú ìwé kúsúkúsù fún mi. Mo ní kí ló kù? Ìyẹ̀fun ni ìyẹ̀fun. Mo hó omi, mo da ìyẹ̀fun sí i, mo mú orógùn, mo rò ó bí a ti ń ro ọkà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Mo rò ó kíkan, mo rò ó tó fi dán.

Ràfíù ti kírun Jímọ̀ dé. Ó wo àwo.

"Kí nìyí, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Kúsúkúsù."

Ó fi ṣíbí gún un, ó gbé ṣíbí sókè. Gbogbo ohun tó wà nínú àwo tẹ̀ lé e bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní, pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, mo ní Màmá máa kú kí n tó mọ ohun tí àwọn ará Mòrókò ń fi ìyẹ̀fun ṣe. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. Ó dìde, ó sì jáde.

Ìyá Ṣábẹ̀ gba orógùn lọ́wọ́ mi.

"Lápá òkè lọ́dọ̀ wa," wọ́n ní, "wọ́n ń se wàsàwàsà. Èlùbọ́ ni wọ́n máa ń fi ọwọ́ yí, kó rí hóró hóró. Wọn kì í rò ó. Orí èéfín omi ni wọ́n ń gbé e sí, nínú ajere. Ṣé kì í ṣe ohun tí ìwé yín ń wí nìyẹn?"

Mo gbé ìwé sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Bàbá Ináàsíò. Wọ́n kà á pẹ̀lú ibà lára. Ìkòkò méjì, ìkan lórí èkejì. Ti òkè ní ihò nídìí. Èéfín ni yóò sè é, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ajere ni wọ́n ń júwe fún odindi ojú ìwé kan! Ìkòkò oníhò tí àwọn ìyá wa fi ń gbẹ ẹran, tó wà lẹ́yìn ilé olúkúlùkù yín, òun ni mo rin ìrìn-àjò dé ilẹ̀ Faransé láti lọ kọ́ nínú ìwé.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ṣábẹ̀ gbé ajere wọn wá. A gbé e lé orí ìkòkò ọbẹ̀, a fi àkísà tí a ti rì sínú ìyẹ̀fun pípò di ibi tí wọ́n ti pàdé kí èéfín má baà sá. Bàbá Ináàsíò ti dìde, wọ́n jókòó lórí àga pẹ̀lú ìwé, wọ́n ń pàṣẹ. Mo wọ́n omi sí ìyẹ̀fun nínú àtẹ, mo ń yí i. Ó ń dì. Mo tún un ṣe, ó tún ń dì. Ọwọ́ tí mo fi ń mú ẹgba ti wúwo jù.

Ràfíù jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rán bàtà rẹ̀. Ó ń wo ọwọ́ mi.

"Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín fúyẹ́," ó ní.

Mo gbìyànjú.

"Ẹ má tẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kàn máa yí i."

Ó dì. Ó ju bàtà sílẹ̀, ó fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, ó jókòó, ó gba àtẹ lọ́wọ́ mi. Ó fi orí ìka wọ́n omi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ yí i lọ, yí i bọ̀, wọ́ọ́rọ́, ó sì ń gbọn àtẹ. Ìyẹ̀fun náà ń di hóró wẹ́wẹ́ lójú wa, ìkan kò lẹ̀ mọ́ ìkan. Kò gbé orí sókè tó fi béèrè, bí ẹni tó ti béèrè rẹ̀ láràárọ̀ fún ọdún púpọ̀:

"Ènìyàn mélòó?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bàbá Ináàsíò yọ gíláàsì ojú wọn.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "ìwọ lo kọ àwọn nọ́ńbà inú ìwé yìí."

"Èmi ni, Bàbá." Ó kọjú sí mi. "Kúkù ni mí, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún mẹ́fà ni mo fi se oúnjẹ fún wọn. Obìnrin àgbà kan ní ìlú Mẹ́kínẹ́sì lọ́hùn-ún tí ń bá wa ṣiṣẹ́ nílé ìdáná ló kọ́ mi. Lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wa, n kò yìnbọn mọ́. Òróró gbígbóná ló ṣe apá mi báyìí."

"Ìyẹn ni ìtìjú tí kò jẹ́ kó o wálé? Ṣé iṣẹ́ kọ́ ni?"

Ó wò mí pẹ́. Kò bínú. Ì bá sàn fún mi bó bá bínú.

"Nígbà tí mo dé Àjàṣẹ́, mo fẹ́ máa bọ̀ nílé tààrà. Mo pàdé ará Ìsẹ́yìn kan, ẹni tó tó bí mi lọ́mọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní èmi ni mo wọ odi ìlú kan ní èmi nìkan, tí mo pa ọkùnrin mẹ́tàdínlógún. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Tíṣà ló ń kà á fún wọn láti inú lẹ́tà mi. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni mo kọ sínú lẹ́tà?"

Mo mọ ohun tó kọ. 'Mo wà láàyè. Òtútù pọ̀. Iṣẹ́ pọ̀. Ẹ bá mi kí Màmá.' Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rí.

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ máa rántí. Ẹ máa ń kún ojúde wa bí lẹ́tà bá dé. Ọjọ́ tí èyí àkọ́kọ́ dé, mo kà á tán kí àwọn kan tó jókòó. Ojú Màmá rẹ̀wẹ̀sì, ẹnìkan sì ní, "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Mo tún gbé ìwé náà sójú, mo fi ìbọn kan sí i. Nígbà tí èkejì dé, ẹ ń béèrè ìbọn, mo fi odi sí i. Ẹ pàtẹ́wọ́. Mo ń wo bébà, n kò ka nǹkan kan lórí rẹ̀.

"Ọ̀nà méjì ló wà," Ràfíù ní. "Kí n wálé wá jẹ́ òpùrọ́, tàbí kí n wálé wá sọ yín di òpùrọ́ níwájú àwọn ọmọ tí ẹ ń kọ́. N kò rí èyí tí mo lè ṣe nínú méjèèjì. Ni mo ṣe padà jókòó sí Kútọnu."

Ìtìjú tó mú mi lọ́jọ́ náà, n kò gbàdúrà kí ó mú ọ̀tá mi. Ọdún kan ni ọmọ yìí fi ń ṣọ́ orúkọ mi ní ìlú onílùú, èmi sì jókòó tì í tí mò ń pè é ní olóríkunkun. Ṣùgbọ́n n kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí rí.

"Jẹ́ kí oúnjẹ yìí jinná," mo ní. "Kí a jẹ ẹ́. Ọ̀la ni à ń lọ. Èmi tí mo sọ ọ́ ni màá gbà á padà."

Ó gbé e lé èéfín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tú u sí àtẹ, ó da omi adìẹ lé e. Àwa mẹ́rin jókòó yí àwo ńlá kan ká, olúkúlùkù sì ń jẹ láti iwájú ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ní wọ́n ń ṣe ní Mòrókò. Ó fúyẹ́ lẹ́nu. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kan, ó níyọ̀, ó sì mú gbogbo rẹ̀ jí. Kò sí ata nínú rẹ̀, n kò sì wá a. Ìyá Ṣábẹ̀ lá ọwọ́ wọn.

Ojúde wa

Ẹ̀yin gan-an wà níbẹ̀ nígbà tí a dé, nítorí náà kò ní pẹ́. Ẹ ń pariwo "Jagunjagun dé!" Wọ́n ti gbé Màmá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí ẹní. Ràfíù dọ̀bálẹ̀, wọ́n fọwọ́ pa á lórí, lójú, lọ́rùn, títí dé apá. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún wa lómi. Mo dúró láàárín yín, mo sì sọ ọ́: pé kúkù ni àbúrò mi, pé kò wọ odi kankan, pé èmi ni mo yìn gbogbo ìbọn tí ẹ gbọ́. Àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Àwọn kan pòṣé, wọ́n dìde. Mo rí àwọn ọmọ kíláàsì mi méjì lórí ògiri, mo sì jẹ́ kí wọ́n wò mí.

Apá Ràfíù ni Màmá ṣì dì mú, tí wọ́n ń fi ìka tọ àwọn àpá náà.

"Òróró ló jó ọ?"

"Òróró ni, Màmá."

"O kò pa ẹnì kankan?"

"N ò pa ẹnì kankan."

"Ọmọ ọlọ́mọ kan kò kú lọ́wọ́ rẹ?"

"Ìkankan ò kú, Màmá."

Wọ́n bú sẹ́kún. Ẹ mọ sàárà àkàrà tí wọ́n máa ń ṣe fún àwọn ọmọ àdúgbò ní Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọdún wọ̀nyí. Gbogbo wa rò pé ọpẹ́ ìṣẹ́gun ni. Nígbà tí wọ́n nu ojú tán, wọn kò wo ẹnikẹ́ni mọ́ àfi èmi.

"Sàrátù, ìyá mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń bẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí pé kí wọ́n dárí ji ọmọ mi. Mo máa ń sunkún bá wọn lórí ìrun. Mo ń ronú ohun tí wọ́n fi sin ọmọ wọn. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ dá wọn, o sì ń wò mí."

Mo kúnlẹ̀. Wọn kò ní kí n dìde.

Wọ́n yí sí Ràfíù, wọ́n na ọwọ́ kí ó gbé àwọn jókòó dáadáa.

"Lọ dá iná, ọmọ mi," wọ́n ní. "Ebi ń pa mí."